Ìran Phul: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwọn Ọba Sikh ti Patiala, Nabha àti Jind

Ta ni wọ́n ń pè ní Phulkian?

Àwọn ọmọ Phul ni. Phul jẹ́ olórí abúlé kan ní Malwa, ìyẹn apá Punjab tó wà ní gúúsù odò Sutlej, láyé ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Inú ìran rẹ̀ ni àwọn tó dá ìlú ọba mẹ́ta sílẹ̀ ti jáde: Patiala, Nabha àti Jind. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947.

Patiala ló tóbi jù, ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 5,900 máìlì onígun mẹ́rin. Ìbọn àgbá 17 ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń yìn láti kí ọba Patiala. Ti Nabha àti Jind jẹ́ 13. Iye àgbá tí wọ́n bá yìn fún ọba ni wọ́n fi ń díwọ̀n iyì rẹ̀ nígbà yẹn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú wọn rárá.

Ta ni Phul fúnra rẹ̀?

Ọmọ àgbẹ̀ ni, Jat ni ẹ̀yà rẹ̀, Sidhu ni ìdílé rẹ̀. Òdòdó ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, Kala tó jẹ́ arákùnrin bàbá rẹ̀ ló wá gbà á tọ́.

Ìtàn kan wà tí kò sí ọmọ Phul tí kò gbọ́ ọ rí. Guru Har Rai, Guru keje, ìyẹn olùkọ́ àgbà ẹ̀sìn àwọn Sikh, ń kọjá lágbègbè wọn, Kala sì mú Phul àti arákùnrin rẹ̀ lọ kí i. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbá ikùn. Guru ní kí ló dé. Kala ní ọmọ òrukàn ni wọ́n, ebi ló ń pa wọ́n. Guru bá súre fún wọn pé àwọn tí ebi ń pa yìí ni yóò máa bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, pé ẹṣin àwọn ọmọ wọn yóò mu omi odò Yamuna. Kala délé, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó fajú ro: ire ọmọ ọlọ́mọ lo lọ gbà, tàwọn tìẹ ńkọ́? Ni Kala bá tún kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ. Guru ní àwọn náà yóò jẹ èrè ilẹ̀ wọn, wọn ò ní san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú ìtàn yìí, ẹ kíyè sí ìyàwó Kala. Ire kejì kì bá tí wáyé láìsí ìjà rẹ̀.

Ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Singh ni ọmọ ọba?

Rárá o. Láti 1699, nígbà tí Guru Gobind Singh dá ẹgbẹ́ Khalsa sílẹ̀, gbogbo ọkùnrin tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń jẹ́ Singh, ìyẹn kìnnìún. Àwọn obìnrin ń jẹ́ Kaur. Àwọn Híńdù kan náà ti ń jẹ́ Singh ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ má fi orúkọ yìí wá ẹbí fún ẹnikẹ́ni.

Ta ló bí ta? Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wa.

Phul bí ju ọmọ kan lọ, ṣùgbọ́n méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: Tiloka tó jẹ́ àkọ́bí, àti Rama.

Tiloka bí Gurditta àti Sukhchain. Ọmọ-ọmọ Gurditta ni Hamir Singh, ẹni tó tẹ ìlú Nabha dó ní 1755. Sukhchain ló bí Gajpat Singh, òun ló sì gba Jind ní 1763. Rama ní tirẹ̀ ló bí Ala Singh, ẹni tó dá Patiala sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé ilé ẹ̀gbọ́n ni Nabha, ilé àbúrò ni Patiala, àbúrò sì ni Ọlọ́run fún lówó. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé mọ ohun tí irú èyí máa ń dá sílẹ̀. Ìdajì ìjà tí ẹ máa kà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá.

Kí ni ìwé “ilé rẹ, ilé mi ni” tí wọ́n fi ń yangàn?

Ní 1696, Guru Gobind Singh, Guru kẹwàá, kọ ìwé àṣẹ sí Tiloka àti Rama. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hukamnama. Àwọn ọba orí òkè ń bá Guru jà nígbà náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n kó ẹlẹ́ṣin wá bá òun kíákíá. Inú ìwé yẹn ló ti kọ ọ́ pé “tera ghar mera asai”: ilé rẹ, ilé mi ni.

Wọ́n ní ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì gba amrit, omi ìwọ-ẹgbẹ́ Khalsa, lọ́wọ́ Guru fúnra rẹ̀ ní Damdama. Ọba Afghanistan fún ìdílé yìí lóyè, Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní àgbá, àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ kí Sikh ẹlẹgbẹ́ wọn gbà pé ìjọba tọ́ sí àwọn, gbólóhùn kúkúrú yẹn ni wọ́n ń mú jáde.

Báwo ni Ala Singh ṣe tẹ Patiala dó?

Barnala ló fi ṣe olú ìlú níbẹ̀rẹ̀. Abúlé lẹ́yìn abúlé ló ń gbà, díẹ̀díẹ̀, lásìkò tí ọwọ́ ìjọba Mughal ti Delhi ti ń rọ. Ní 1763, ó bẹ̀rẹ̀ ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Qila Mubarak, ìlú sì yí i ká. Patti Ala, ìpín ilẹ̀ Ala, ni wọ́n gé kúrú di Patiala.

Ní oṣù kìíní 1764, àwọn Sikh pa Zain Khan, gómìnà tí àwọn ará Afghanistan fi sí Sirhind, wọ́n sì fọ́ ìlú náà. Ala Singh ra Sirhind lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n pín in fún, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì kó ẹrù wọn wá sí Patiala. Bí ìlú tuntun ṣe rí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Ẹ lè lọ wo Qila Mubarak lónìí. Yàrá ilé ìṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Burj Baba Ala Singh. Iná tí wọ́n ní Ala Singh fúnra rẹ̀ ló dá a, wọ́n ń kó igi sí i títí di báyìí, wọn ò jẹ́ kó kú.

Ṣé òótọ́ ni pé Ala Singh gba oyè lọ́wọ́ ọ̀tá àwọn Sikh?

Òótọ́ ni. Ní oṣù kejì 1762, Ahmad Shah Abdali, ọba Afghanistan, pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Sikh lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Malwa. Vadda Ghallughara, ìpakúpa ńlá, ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí dòní. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kọjú sí Barnala, Ala Singh sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní Abdali pàṣẹ kí wọ́n fá irun orí rẹ̀. Irun, fún Sikh, kì í ṣe nǹkan ọ̀ṣọ́, ara ẹ̀sìn ni. Ala Singh béèrè pé èló ni òun máa san kí wọ́n fi irun òun sílẹ̀. Wọ́n ní 125,000 rúpì, ó sì san án. Owó ìtúsílẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, Mai Fatto ìyàwó rẹ̀ sì wà lára àwọn tó sáré wá a.

Ní 1765, Abdali yí padà, ó fi í jẹ Raja, ìyẹn ọba, ó fún un ní ìlù àti àsíá. Inú bí àwọn Sikh yòókù gidigidi. Wọ́n fẹ́ gbógun tì í kí Jassa Singh Ahluwalia tó bá a bẹ̀ wọ́n, tí Ala Singh sì san owó ìtanràn. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn náà ni Ala Singh kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Amar Singh, tún gba oyè tó ga ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ Abdali ní 1767: Raja-i-Rajgan.

Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni Ala Singh. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ogun Afghanistan ń gbà lọ sí Delhi kò lè sá wọ igbó bíi ti àwọn ẹlẹ́ṣin àríwá. Ṣùgbọ́n àbààwọ́n náà kò tán: àwọn owó tí Patiala ń rọ, orúkọ Ahmad Shah ló wà lára wọn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí lẹ́yìn tí Abdali ti kú.

Ṣé ọmọ Phul ni Maharaja Ranjit Singh?

Ní ìdí bàbá, rárá. Ìdílé Sukerchakia ni bàbá rẹ̀ ti wá, láti Gujranwala tó wà ní Pakísítánì lónìí. Ní ìdí ìyá, bẹ́ẹ̀ ni. Raj Kaur tó bí i ní 1780, ọmọ Gajpat Singh ọba Jind ni. Èyí túmọ̀ sí pé Bhag Singh tó jọba ní Jind lẹ́yìn Gajpat, arákùnrin ìyá Ranjit ni.

Kí ló dé tí Ranjit Singh kò fi gba ìlú wọn?

Ó fẹ́ gbà á. Àwọn fúnra wọn ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ní 1806, Patiala àti Nabha ń jà lórí abúlé kan tó ń jẹ́ Doladhi, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ranjit kó wá parí ìjà. Ó dé pẹ̀lú ọmọ ogun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Sahib Singh ọba Patiala àti ìyàwó rẹ̀ Aus Kaur ń fa ilẹ̀ tí wọ́n máa pín fún ọmọ wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá tún pè é. Ó parí ìjà tọkọtaya, ó sì gbé ẹ̀gbà ọrùn dáyámọ́ńdì kan àti ìbọn àgbá idẹ tí wọ́n ń pè ní Kare Khan lọ sílé.

Nígbà tó di 1808, ojú ti là. Àwọn ìjòyè gúúsù Sutlej rán aṣojú lọ bá Gẹ̀ẹ́sì ní Delhi pé kí wọ́n gba àwọn. Ní 25 oṣù kẹrin 1809, Gẹ̀ẹ́sì àti Ranjit tọwọ́ bọ Àdéhùn Amritsar, odò Sutlej sì di ààlà. Bí ìjọba Ranjit ṣe wó ní 1849 tí ti Patiala ṣì dúró nìyẹn.

Ipa wo ni àwọn obìnrin ìdílé náà kó?

Ipa tó ju ti ọ̀pọ̀ ọba wọn lọ. A ti dárúkọ Mai Fatto. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò ni Bibi Sahib Kaur, ẹ̀gbọ́n Sahib Singh. Ọmọdé ni Sahib Singh nígbà tó gorí ìtẹ́, nígbà tó sì dàgbà, ìjọba kò ní láárí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé láti ilé ọkọ ní 1793, ó fi í ṣe olórí ìjọba.

Ní 1794, ogun Maratha, àwọn jagunjagun láti ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, dé. Sahib Kaur jáde pàdé wọn ní Mardanpur, nítòsí Ambala. Ọmọ ogun rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì ti ń wá ọ̀nà àtisá. Ó bẹ́ sílẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ pẹ̀lú idà lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n bá fi òun sílẹ̀ kóun kú síbẹ̀, ìtìjú ayérayé ni fún wọn. Wọ́n padà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ya bo ọ̀tá nínú òkùnkùn, àwọn Maratha sì ṣẹ́rí padà.

Kí ni èrè rẹ̀? Àwọn olófòófó kó sí àbúrò rẹ̀ létí, ó sì tì í mọ́lé. Ó bọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n 1801 ló kú, kò ju bí ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ.

Bí ọba bá kú láì bímọ ńkọ́?

Kò sí afọbajẹ níbẹ̀, kò sì sí pé ilé kan jẹ kó tó kan ilé kejì. Ọmọ ló ń jogún bàbá. Níbi tí kò bá ti sí ọmọ, ewu ni. Sangat Singh ọba Jind kú ní 1834 láì bímọ. Gẹ̀ẹ́sì fi ìbátan rẹ̀ Swarup Singh sórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí Gajpat baba ńlá wọn ní nìkan ni wọ́n jẹ́ kó jogún, wọ́n gba ìyókù. Kaithal tó wà nítòsí wọn kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ọba ibẹ̀ kú láì bímọ ní 1843, Gẹ̀ẹ́sì sì gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Èyí ló mú kí wọ́n béèrè fún ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì rí i gbà ní 1860: ọba tí kò bímọ lè fi ọmọ inú ìran Phul ṣe àrólé, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú, àwọn ọba méjì yòókù ni yóò bá Gẹ̀ẹ́sì yan ẹnìkan nínú ìran náà. Wọ́n lò ó ní 1871 nígbà tí Bhagwan Singh kú ní Nabha. Hira Singh ni wọ́n mú, láti ẹ̀ka Jind tó wà ní Badrukhan. Ogójì ọdún ló fi jọba. Nítorí náà, láti 1871, ẹ̀jẹ̀ Sukhchain ló wà lórí ìtẹ́ Gurditta.

Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n wà nígbà ọ̀tẹ̀ 1857, tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà dìde sí Gẹ̀ẹ́sì?

Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Swarup Singh ti Jind kó ogun rẹ̀ dé Delhi fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ìlú ọba Jhajjar, wọ́n sì pín in bí ẹran: Narnaul fún Patiala, Dadri fún Jind, Bawal àti Kanti fún Nabha. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí ẹ rí ègé Patiala kan tó jìnnà réré sí ìyókù, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló fa ìjà Patiala àti Nabha láyé Bhupinder?

Ìjà ààlà àti ìjà ẹni tó ju ẹni lọ ni, àmọ́ ó dé ojú ẹ̀ láàárín Bhupinder Singh ti Patiala àti Ripudaman Singh, ọmọ Hira Singh ti Nabha. Àwọn méjèèjì fi ẹjọ́ ara wọn sun Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn Ripudaman tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó máa ń sún mọ́ àwọn ajìjàgbara. Ní oṣù keje 1923, wọ́n mú kó gbé adé sílẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nílùú.

Àwọn Sikh gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ́ ń wọ́ lọ sí Jaito ní ilẹ̀ Nabha láti fẹ̀hónú hàn. Ní 21 oṣù kejì 1924, wọ́n yìnbọn sí ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ 500 èèyàn. Jawaharlal Nehru pàápàá ti wọ ẹ̀wọ̀n Nabha lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1923. Ripudaman kò padà sórí ìtẹ́ mọ́ títí tó fi kú ní 1942.

Ìtàn wo ni kẹ́ ẹ gbàgbọ́ nípa Bhupinder Singh?

Òótọ́: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà tó fi jọba ní 1900. Òun ló ṣe balógun ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1911, òun náà ló sì fi ife Ranji Trophy sílẹ̀. Òótọ́ ni ẹ̀gbà ọrùn Cartier pẹ̀lú: 1928 ni wọ́n parí rẹ̀, dáyámọ́ńdì 2,930 ló wà lára rẹ̀, dáyámọ́ńdì De Beers tó jẹ́ 234 carat ló wà láàárín. Ó pòórá láàfin ní nǹkan bí 1948. Ní 1998, wọ́n rí ẹ̀wọ̀n ẹ̀gbà náà ní London, àwọn òkúta ńlá rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ má tètè gbà á gbọ́: ìtàn pé ó fi ọkọ̀ Rolls-Royce kó pàǹtírí nítorí pé ẹnìkan fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ ní London. Ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ mọ́ ọba Alwar àti ti Hyderabad.

Èyí tí wọn kì í sọ: Sewa Singh Thikriwala, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú, kú sínú ẹ̀wọ̀n Patiala ní oṣù kìíní 1935 níbi tó ti kọ oúnjẹ. Ẹni mẹ́wàá ló máa bi mí nípa ẹ̀gbà kí ẹnìkan tó bi mí nípa rẹ̀.

Faridkot àti Kapurthala ńkọ́, ṣé ọmọ Phul ni wọ́n?

Rárá. Faridkot jẹ́ Brar, wọ́n bá àwọn ọmọ Phul tan lókè réré, ṣáájú Phul. Ahluwalia ni Kapurthala, ìran ọ̀tọ̀ pátápátá. Àwọn ìdílé Bhadaur àti Malaud ni ọmọ Phul tí kò dórí ìtẹ́ ọba.

Ṣé wọ́n ṣì ń jọba?

Rárá. Ní 1948, Patiala, Nabha, Jind àti ìlú ọba márùn-ún mìíràn parapọ̀ di ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ PEPSU, Yadavindra Singh ọmọ Bhupinder sì ni olórí rẹ̀. Ní 1 oṣù kọkànlá 1956, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Punjab. Ní 1971, Íńdíà fagi lé oyè àti owó ọdọọdún tí wọ́n ń san fún àwọn ọba. Ìlú Jind fúnra rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Haryana báyìí.

Amarinder Singh, ọmọ Yadavindra, gba ọ̀nà ìdìbò wọlé: ó ṣe olórí ìjọba Punjab láti 2002 sí 2007, àti láti 2017 sí 2021. Ààfin Moti Bagh àtijọ́ ti di ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá.

Kí ló dé tí ọdún fi máa ń yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì?

Bikrami ni kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò láàfin, ó sì fi ọdún 56 tàbí 57 ṣíwájú tiwa. 1753 ni ọdún tó wà lórí ìwé Guru sí Tiloka àti Rama. Ẹ yọ 57 kúrò, ẹ ó rí 1696. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ ọ́, tàbí tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣi gbogbo ìyókù kọ.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ wá látọ̀dọ̀ Jaisal, ọba tó tẹ Jaisalmer dó?

Ohun tí ìdílé ń sọ nìyẹn: Jaisal, Rajput Bhatti tó tẹ Jaisalmer dó láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ni wọ́n fi ṣe orísun. Ìran púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Sidhu wá, Sidhu bí ìdílé tí Phul ti jáde. Àwọn apohùn àti akọrin ìran ló ń ka orúkọ wọ̀nyẹn láti ẹnu dé ẹnu.

Láti Phul wá sísàlẹ̀, ìwé àṣẹ, ilẹ̀ àti ìjà ogún wà tó jẹ́rìí sí i. Lókè Phul, orúkọ lásán ni, ọ̀pọ̀ ìdílé Jat tó lágbára lẹ́yìn náà ló sì wá Rajput baba ńlá fún ara wọn, nítorí pé Rajput ni ayé ìgbà náà gbà pé ọba tọ́ sí. Mi ò ní kí wọ́n má kì í. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ ìwé, ibi Phul ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.